Ewé Faïzou Lẹ́yìn Kétu

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí Salimatou bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí Yasmina ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, torí ohun tí mo fẹ́ sọ, èèyàn kì í gbọ́ ọ lórí ìdúró. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìsoyìgì lẹ bá wá sí Tokpota lónìí. Ẹ fẹ́ kí èmi Gbadamassi jókòó sípò bàbá ìyàwó, kí n fi Yasmina fún Abdel níwájú àlùfáà, nítorí pé bàbá ọmọ ò sí nílé. Ẹ ní èmi ni mo sún mọ́ wọn jù. Ẹ ní láti ìgbà tí Faïzou ọkọ Salimatou ti lọ, èmi ni mò ń ṣe bàbá fún wọn. Ẹ gbé obì yín sílẹ̀ ná. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́, èmi náà sì mọ̀ ọ́n lára pé mi ò ní í pẹ́ lọ. Ẹni tó ń lọ kì í di ẹrù ẹlẹ́rù mọ́ tirẹ̀. Òtítọ́ tí mo ti fi ara bò mọ́lẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ti ibodè Malanville pa, òun ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ lónìí. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu o. Bí mo bá dánu dúró, ẹ̀rù á tún mú mi, màá sì tún purọ́. Irọ́ ò ṣòro fún mi. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe rọrùn fún mi tó.

Faïzou ò sá lọ. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Kò ta ẹrù ẹlẹ́rù, kò fẹ́ obìnrin kankan ní Niamey, kò sọdá odò Ọya. Gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ní páàkì, ẹnu mi ló ti jáde. Faïzou ti kú. Ó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn Kétu, èmi ni mo sin ín, mi ò sì sin ín dáadáa. Salimatou, má tíì sunkún, jọ̀ọ́. Ó ku èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin awakọ̀ tó dàgbà díẹ̀ nínú yín rántí bí a ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Ẹrù tó bá bọ́ sílẹ̀ ní pọ́ọ̀tù Kútọnu, tó ń lọ sí Niger tí kò ní òkun, awakọ̀ ò gbọdọ̀ dá a gbé. A ó tò sójú ọ̀nà, a ó máa retí aṣọ́bodè tí yóò tẹ̀lé wa. Bí ẹnìkan bá jó táyà, gbogbo wa la ó dúró. Bí aṣọ́bodè bá lọ jẹun, gbogbo wa la ó máa wo ẹnu rẹ̀. Ìgbà tí balìsì dé ni ojú ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe awakọ̀, balìsì ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń sọ fún wọn ní ọ́fíìsì ibi tí ọkọ̀ wà. Tó bá ti wà lára ọkọ̀, awakọ̀ lè máa dá lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Nǹkan rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọkọ̀ ò fẹ́ ẹ, wọ́n ní amí ni. Èmi olórí wọn ni mo gun bẹ́ǹṣì ní páàkì Sèmè, tí mo la ẹnu ńlá: “Ẹ gbà á! Ẹlẹ́rìí yín ni. Ibi yòówù tí ẹ bá ṣubú sí, á ké sí wa, a ó sì wá gbé yín.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Faïzou ló na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. “Bàbá,” ó ní, “ṣé kí n yéé já ewé nìyẹn?” Gbogbo páàkì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ mọ̀ ọ́n mọ́ ewé. Bí ọkọ̀ awakọ̀ bá kọṣẹ́ sójú ọ̀nà, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni kó já ewé tútù, kó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, kó tò ó síwájú, kí àwọn tó ń bọ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú ìṣòro níbẹ̀. Kò sí awakọ̀ tó máa rí ewé tí kò ní í tẹ bíréèkì, kó bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ti dáa, ẹni tó já ewé náà ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn bàbá wa ní ẹni tó bá kó ewé awakọ̀ tí kò tíì lọ, ó ti sìnkú rẹ̀. Ewé ti Faïzou sì yàtọ̀. Ẹ̀ka ńláńlá ló máa ń já, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Faïzou tún ń kọ́lé sójú títì. Ọjọ́ yẹn, mo dá a lóhùn látorí bẹ́ǹṣì pé: “Máa já ewé rẹ lọ. Ewé fún àwa, balìsì fún ọ́fíìsì. O ò lè sọnù mọ́.” Mo fi ẹnu ara mi ṣèlérí fún un níṣojú yín. Ẹ rántí. Ó wù mí kí ẹ rántí.

Lẹ́yìn náà ni rògbòdìyàn Niger dé, wọ́n sì ti ibodè pa. Ẹ̀yin náà wà ní Malanville nínú ìlà yẹn. Ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ò rí ìparí rẹ̀. Ìrẹsì ń hu, òróró ń yọ́ lójú oòrùn, àwọn awakọ̀ ń ta táyà ìpamọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ọkọ̀ tèmi náà wà níbẹ̀, ó dúró gbagidi bí ilé. Mo lè sọ fún yín pé ebi ló sún mi dé ibi tí mo dé. Irọ́ ni. Ebi pa ẹ̀yin náà, ẹ ò sì ṣe é. Ojúkòkòrò ni, àti ìgbéraga. Mi ò lè gbà kí àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ rí mi pé mò ń tọrọ gààrí. Nígbà náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàpọ̀, oníṣòwò láti ìpínlẹ̀ Ògùn, wá bá mi. Ó ní, “Alájì, ìrẹsì tó ń jẹrà ní Malanville, wọ́n ń wá a lójú méjèèjì ní Abẹ́òkúta.” Mo ní balìsì ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti rí Joseph, ọmọ Ègùn kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú balìsì lára ọkọ̀ tí kò fi ní í ké. Ọgbọ́n tó kù, èmi ni mo dá a, ẹ má fún Dàpọ̀ níyìn rẹ̀. Èmi ni mo ní: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gba ọ̀nà Kétu wọ Nàìjíríà, kí balìsì máa nìkan lọ sí Malanville. Ọkọ̀ rẹpẹtẹ ló ń dúró níbẹ̀. Balìsì kan tó jókòó sójú kan láàárín wọn, ta ni yóò bèèrè ohun tó fà á? Ẹ wo ohun tí wọ́n fi là wá lójú ọ̀nà, tí mo fi di ojú aráyé.

A nílò awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè fura sí. Gbogbo ọlọ́jà Niamey ló gbọ́kàn lé Faïzou. Mo lọ bá a nílé ní Dowa. Salimatou, ìwọ lo gbé àkàsà àti ẹja síwájú mi lọ́jọ́ náà, tí o sì ní kí n fi ilé ṣe ilé. Ìgbà tí o wọ ẹ̀yìnkùlé ni mo sọ ọ́ fún ọkọ rẹ. Ó ní, “Bàbá, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí.” Mo bá a sọ ọ́ lọ, mo bá a sọ ọ́ bọ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Mo ní, “Ṣé èmi á mọ̀ọ́mọ̀ tì ẹ́ sínú ewu? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Òwe gidi ni mo fi mú un, òwe àwọn bàbá wa. Ó wò mí títí. Ó ní, “Nítorí pé ẹ̀yin ni.” Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Nítorí pé èmi ni.

A gbé ìrẹsì àwọn ọlọ́jà Niamey ní pọ́ọ̀tù, wọ́n so balìsì mọ́ ọkọ̀, Faïzou sì wà á gba Bohicon. Níbẹ̀ ni Joseph ti tú u, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ti ní kí Faïzou má mú ẹnikẹ́ni dání, kí ọ̀rọ̀ má baà tàn. Ó kù díẹ̀ kó ṣíná sí ọkọ̀ ni mo rántí fóònù rẹ̀. Mo ní, “Gbé e wá. Fóònù náà máa ń sọ ibi tí èèyàn wà. Jẹ́ kó bá balìsì lọ sókè.” Ó yọ ọ́ lápò, ó dì í mú díẹ̀. “Bí ìyá Yasmina bá pè ńkọ́?” Mo ní màá sọ pé ó ń sùn. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o, Bàbá. Tó bá gbọ́ pé mò ń sùn lọ́sàn-án, á ní mo ti ya ọ̀lẹ.” Ó fi fóònù sí mi lọ́wọ́, ó yà sí ọ̀nà Kétu. Òjò ti ń ṣú ní ìhà ibẹ̀. Mo rí òjò yẹn, ẹ gbọ́, mo sì mọ irú ọ̀nà oko tó fẹ́ gbà. Mi ò pè é padà.

Ní Malanville, mo fi balìsì sínú ọkọ̀ mi tó dúró, mo jókòó, mò ń retí. Dàpọ̀ pè. Ó ní òun ò tíì rí ọkọ̀ kankan ní ìhà ibodè. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn? Pé Faïzou ti jí ẹrù gbé. Olè kì í fẹ́ kí olè gbé àpò òun lọ. Èmi tí mo jí i ni mo ń bú ẹlòmíràn ní olè. Ibi tí mo ti ń bínú bẹ́ẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún nínú àpò mi. “Ìyá Yasmina” ló hàn lójú rẹ̀. Mo wò ó títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọlé, Salimatou, ohùn rẹ. O ní, “Bàbá Yasmina, ṣé o ti jẹun? Mi ò gbọ́ ohùn ẹ láti àná. Jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n lè sùn.” Mi ò lè fi ohùn dáhùn, torí ohùn mi kì í ṣe ohùn rẹ̀. Mo bá kọ ọ́: rẹ́sọ́ fóònù ò dáa, ara mi le, mo wà nínú ìlà. Yasmina, ìwọ lo kà á fún ìyá rẹ. Mo gbọ́ ohùn tó fi dáhùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni Dàpọ̀ tún pè. Ó ní Fúlàní darandaran kan wá sọ ní ọjà oko pé òun rí ewé púpọ̀ lórí ọ̀nà kan tí ọkọ̀ kì í gbà, pé ọkọ̀ ńlá kan ti yọ̀ sínú kòtò níbẹ̀, awakọ̀ sì wà láàyè. Ó ti fún un ní wàrà àti omi mu. Ó fẹ́ lọ pe àwọn ọlọ́pàá. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: jẹ́ kó lọ. Ohun tí mo sọ nìyí, ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe sọ ọ́: “Má jẹ́ kó sọ fún ẹlòmíràn. Sọ fún un pé àwa èèyàn rẹ̀ ti ń bọ̀. Mo wà lọ́nà.” Fúlàní yẹn gbà wá gbọ́. Ó kó màlúù rẹ̀, ó ń lọ. Ó rò pé ẹni tí ó ní èèyàn ti bọ́.

Mo gbé ọkọ̀ kékeré, mo sá eré wá sí Kétu, mo sì wọ ọ̀nà oko náà nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ewé ni mo kọ́kọ́ rí. Èyí tó jìnnà sí ọkọ̀ jù, ẹ̀ka ńláńlá ni, bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbẹ. Àwọn tó tẹ̀lé e ti rọ. Àwọn tó wà nítòsí ọkọ̀ ṣì tutù, tútù lórí gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni wọ́n, irú èyí tí ọmọdé lè ṣẹ́. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fàyà wọ́ lọ já òmíràn, ojoojúmọ́ ni ibi tí agbára rẹ̀ ń gbé e dé ń dín kù. Itan rẹ̀ ti fọ́, ikùn rẹ̀ sì ti wú. Ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ òjìji ọkọ̀, ètè rẹ̀ ti bó. Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹ ó rí ewé mi, Bàbá.”

Dàpọ̀ àti Joseph dé pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn àti ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù méjì. Ilé ìwòsàn Kétu ò jìnnà. À bá gbé e sẹ́yìn ọ̀kan, à bá ti dé kí oòrùn tó wọ̀. Joseph gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e.” Ojú mi ni Dàpọ̀ ń wò. Gbogbo wọn ń wo ojú mi, torí èmi ni àgbà. Mo rò ó. Bí a bá gbé e dé ọsibítù, wọn á bèèrè ibi tó ti ṣubú. Àwọn ọlọ́pàá á wá wò ó. Wọn á bá ìrẹsì Niamey lójú ọ̀nà Nàìjíríà, wọn á wá balìsì lára ọkọ̀, wọn ò ní í rí i, wọn á sì wá mi kàn. Mo ní, “Ẹ kọ́kọ́ kó ìrẹsì.”

Yé ò, ẹnu mi. Ẹ kọ́kọ́ kó ìrẹsì.

Wọ́n ń kó o. Wọ́n ń di ẹrù sí pikọ́ọ̀pù, wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ orí Faïzou kọjá. Ó ń wò wọ́n. Ó ní, “Bàbá, ṣé èyí ò lè gbé mi ni?” Mo ní á mì í jù, pé mo ti ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ọsibítù tó rọ̀ láti Kétu, ó ti ń bọ̀. Ó ní mo ṣeun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó tilẹ̀ ń sọ fún àwọn tó ń rù ú pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì kí ọkọ̀ má baà tún yọ̀ lé wọn lórí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ìyá Yasmina díẹ̀. Fóònù wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo ní mo gbàgbé rẹ̀ sí Malanville. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, á sọ ibi tó wà fún un. Ló bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Bí ẹnìkan bá wá tọrọ Yasmina, ẹ má fi fún awakọ̀ o. Ẹ wá oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa ń sùnlé fún un. Bí mi ò bá sí ńlẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi fà á lé ọkọ lọ́wọ́.” Abdel, o ṣe oríire, télọ̀ ni ọ́. Bàbá ìyàwó rẹ ti gbà ẹ́ láìrí ẹ.

Ìrẹsì ṣì kù nínú ọkọ̀ nígbà tó gbẹ́mìí mì. Mo gbọ́ tó ń sọ kálímátù, mo gbọ́ tí kò sọ ọ́ parí. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń sunkún, ẹkún gidi. Ẹ ò rí irú èèyàn tí mo jẹ́? Mo ń sunkún, mi ò sì ní kí wọ́n dá ẹrù dúró. Nígbà tí wọ́n kó o tán, a gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi emi kan tí ẹ̀ka rẹ̀ kan ti ṣẹ́. A ò fi omi wẹ̀ ẹ́. Aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ la fi sin ín. Mo kọjú rẹ̀ sí ìlà oòrùn, mo kà á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà, ọ̀rọ̀ sì ń kọlu ara wọn lẹ́nu mi. Àwọn èèyàn Dàpọ̀ fi ọkọ̀ mìíràn fa ọkọ̀ náà jáde, wọ́n sì wà á wọ Nàìjíríà. Ó ku ewé. Joseph ní òun ò lè fọwọ́ kàn án láéláé, Dàpọ̀ ní kì í ṣe iṣẹ́ òun. Èmi ni mo kó o. Èmi olórí awakọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo ń kó ewé Faïzou lọ́kọ̀ọ̀kan, tútù àti gbígbẹ, tí mo sì dà á sínú igbó, kí ẹnikẹ́ni má baà dúró níbẹ̀ mọ́ láti bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, mo rí i bí ẹ ṣe ń wò mí. Ẹ wò mí dáadáa.

Mo padà sí Malanville. Mo mú fóònù rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin: mò ń sọdá lọ sí Niger, má retí mi mọ́. Mo ju balìsì sínú odò Ọya. Mo wá sí páàkì, mo mi orí bí àgbà, mo ní Faïzou ti dójú tì wá. Ẹ sì gbà mí gbọ́. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àdúrà ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Ní Dowa, wọ́n ń pe Yasmina ní ọmọ olè nígbà tó bá lọ pọn omi. Salimatou gbé fóònù wá bá mi nínú ilé yìí. Ó ní, “Bàbá, ẹ wò ó. Faïzou kì í kọ̀wé sí mi. Ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, látìgbà tí a ti fẹ́ra. Eléyìí ò ní ohùn.” Òun nìkan ló mọ̀, òun nìkan nínú gbogbo Porto-Novo. Mo ní, “Ìtìjú ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ọmọ mi. Ní sùúrù.” Mo gbé ìrẹsì fún un pé kó fi tọ́jú ọmọ. Kí n sọ ibi tí ìrẹsì náà ti wá? Ó sè é, ó gbé abọ́ kan wá fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní Olúwa á san án fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́, mo jẹ ẹ́ tán.

Salimatou, mo mọ ohun tí mo sọ ẹ́ dà. Àwọn ọkùnrin rere wá bá ẹ, o ní o lọ́kọ. Wọ́n ní kí o wọ aṣọ opó, o ní ta ló kú? Àlùfáà ní kí o máa dúró, o sì dúró. Lẹ́yìn tí dókítà sọ ti kíndìnrín fún mi, mo lọ bá àlùfáà kan tí kò mọ̀ mí rí ní Adjarra, mo sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìddà, ìyẹn ọjọ́ opó, fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú tí kò mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ ikú ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí obìnrin gbọ́. Ìyẹn ni pé opó rẹ ti parí kí o tó mọ̀ pé o bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo jí ọkọ rẹ, mo jí orúkọ rẹ̀, mo tún jí ọjọ́ ọ̀fọ̀ rẹ. Ilé ni mo dé tí mo ti lé àwọn ọmọ mi jáde, tí mo fi orí gbá ilẹ̀. Síbẹ̀ mi ò sọ ọ́. Ìgbà tí ẹ ránṣẹ́ pé kí n wá jókòó sípò bàbá Yasmina, ní ipò tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí kí n jókòó sí, ìgbà yẹn ni ó pin. Mi ò lè fi ọwọ́ tó kó ewé bàbá fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn láti inú ẹbí Faïzou. Ẹ̀tọ́ wọn ni, òkú ni bàbá rẹ̀, kì í ṣe ìsáǹsá.

Orúkọ Dàpọ̀ àti ti Joseph, màá sọ wọ́n fún àwọn ọlọ́pàá, mo ti ní kí ọmọ mi pè wọ́n wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní í sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Joseph ní ká gbé e. Èmi ni mo ní ká kó ìrẹsì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lórí ọkọ̀, ẹni tó jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ̀rọ tuntun bá dé láti mú ọ̀nà rọrùn fún yín, ẹ gbà á, nǹkan rere ni, ẹ má sì jẹ́ kí àgbàlagbà kankan fi òwe gbà á lára ọkọ̀ yín. Ẹ má gbé fóònù yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ ṣe nǹkan nítorí pé òun ni, ẹ sá fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi.

Yasmina, ká ìrọ̀rí yẹn sókè. Fóònù bàbá rẹ nìyẹn. Ohùn ìyá rẹ wà nínú rẹ̀, gbogbo èyí tó ránṣẹ́ tí kò dé etí ẹni tó rán an sí. Èmi nìkan ló gbọ́ wọn. Salimatou, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì fún irú èyí. Mo ti wá ọ̀rọ̀ náà lórí àkéte yìí, mi ò rí i. Mo bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí nínú rẹ, má fi purọ́ fún mi, irọ́ tó wà nínú ilé yìí ti tó.

Ọ̀sán ṣì wà. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbé ọkọ̀, kí ẹ mú Salimatou dání. Ẹ gba Pọ́bẹ̀ dé Kétu, kí ẹ bọ́ sí ọ̀nà oko tó lọ sí ìhà ibodè títí ẹ ó fi rí kòtò kan tí koríko ti bò, pẹ̀lú igi emi tí ẹ̀ka rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ẹ kí i nílé ikú bó ṣe yẹ, kí ẹ kírun sí i lára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ẹ tó bọ́ bàtà, ẹ já ewé. Ẹ̀ka ńláńlá ni kí ẹ já, bó ṣe máa ń já a. Ẹ tò ó sẹ́yìn rẹ̀, ẹ tò ó síwájú rẹ̀. Kí ẹni tó bá ń kọjá lọ mọ̀ pé awakọ̀ kan wà níbẹ̀, ó ń retí àwọn èèyàn rẹ̀.